Ìṣó Ẹ̀gbẹ́ Ilẹ̀kùn

Ìṣó mẹ́sàn-án ló wà lára ògiri yàrá wa n'Ìkéré,
àwa mẹ́rìndínlógún ló ń fi aṣọ kọ́ wọn.
Èmi àti Fámúyìwá la jọ ni ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn,
títí di Ọjọ́rú tí Dáísí fi aṣọ́lé wa
wé àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin, tá a sì rẹ́rìn-ín.

Fámúyìwá ń tú okùn bàtà. Kò gbójú sókè.
"Ọkùnrin lọkàn tèmi náà yàn."
Ẹ̀rọ omi nìkan ló fèsì: tó, tó.

Mi ò bú u. Ohun tí mo ṣe burú ju èébú:
mo rọra gbé báàgì mi
lọ síbi tí òrùlé ti ń jò.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wọ aṣọ tútù,
tí mò ń pe ara mi lọ́kùnrin.

Lọ́jọ́ tá a pàdé àwọn ará Ìjerò,
pajápajá mú mi lẹ́sẹ̀, mo ṣubú bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Ta ló sáré dé?
Ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ mi ka àyà, ó ń tì í,
"Mí, jọ̀ọ́, mí."

Wọ́n nà wá, méjì sí oókan.
Dáísí gba ìgò omi lọ́wọ́ rẹ̀,
kò nu ẹnu ìgò kó tó mu.
Kóòṣì ní, "Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ níbí,
kẹ́nikẹ́ni má fẹsẹ̀ gbé e jáde."

Èmi ò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀.
Mo fi aṣọ mi, tòun tòógùn,
kọ́ ìṣó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, lórí tirẹ̀.
Ó wò ó títí.
"Òjò yẹn mà ti pa ọ́ pẹ́," ó ní.