Ihò Ara Ògiri

Mo pè é ní ọ̀lẹ.
Ìbíyẹmí, ìyàwó ọmọ mi,
tó ń jókòó lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ti odò gòkè délé,
tó ń fi èékánná họ ògiri ẹ̀yìnkùlé mi jẹ,
tó ní amọ̀ rẹ̀ ń ta sánsán bí òjò àkọ́rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú kò bi í léèrè iṣẹ́.
Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀:
inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù.
Ó gún un níka. Ẹ̀jẹ̀ yọ
bí omi tí a fi ṣan ẹran.
“Méjìdínlógún,” ló wí, “ó sì yẹ kó lé lọ́gbọ̀n.
Ìyá, ṣé ó máa ń wọ bàtà lọ oko kajú?”

Mo dákẹ́.
Èmi ni mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ni bàtà wà fún.

Aràn gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé,
ó so mọ́ ìfun, ó ń mu díẹ̀díẹ̀;
oyún náà ń mu tirẹ̀.

Wọ́n fún un lóògùn aràn, àti hóró pupa
tó ń sọ ìgbẹ́ dúdú bí èédú.
Ọkọ rẹ̀ na apá; báàgì kan kún.

Oṣù mẹ́ta rèé. Ó ti ń ṣáájú mi gòkè odò.
Bíríkìlà ní kóun dí ihò ara ògiri.
Mo ní kó fi í sílẹ̀.