Kí Ilé Tutù

Aago méje àárọ̀, oṣù kìíní,
Filadéfíà, ìlú tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀
nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi; n kò mọ̀ pé ènìyàn ṣì ń gbé ibẹ̀.
Wìfúrédò wa ọkọ̀, èmi gbé àkàbà.
Yìnyín ti lẹ̀ mọ́ àtẹ̀gùn bí ọṣẹ tó gbẹ sínú àwo.

Ìyá Dọnbírọ́sìkì ló ṣílẹ̀kùn,
ẹ̀wù òtútù mẹ́ta lọ́rùn, fìlà onírun lórí,
nínú ilé ara rẹ̀.
"Ẹ má wulẹ̀ bọ́ bàtà," ó ní,
"ilẹ̀ yìí á bù yín lẹ́sẹ̀ jẹ."

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
èmi, ilé ni mo ń wò kí n tó ki páìpù bọ̀ ọ́.
Mo fi ìka kan ògiri. Ó dún kó: bíríkì.
Mo kan ibòmíràn. Ó dún bò.
Ilé tó ti pé ọgọ́fà ọdún a máa parọ́.
Àwòrán tí mo yà lánàá ní igi wà níbí;
ayùn mi já sínú òfìfo,
ó fa ìwé ìròyìn kan jáde, ó ti pọ́n bí ewé tábà,
èdè Pólándì. Ẹnìkan ló ká a mọ́ ihò náà
kí afẹ́fẹ́ má baà rí ọmọ rẹ̀.

Nísàlẹ̀ ilé ni ògbólógbòó jókòó sí,
irin dúdú, ikùn gbẹ̀ǹdù.
Èédú ló kọ́kọ́ ń jẹ, ó di epo, ó di gáàsì;
ohun tí wọ́n bá fún un ló ń jẹ.
Ọkọ ìyá yìí ló sọ ọ́ ní Stáníṣìláfù,
orúkọ bàbá rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì
kì í sọ̀rọ̀ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́;
bí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á jí.

Òòlù ńlá la fi tú u ká.
Ègé mọ́kànlá la gbé gun òkè.
Bí a ti ń gbé ti ìkẹyìn kọjá,
ìyá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan án, bí ẹni ń wo ibà ọmọ.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó bèèrè bóyá a ó mu kọfí.

A lu ihò mẹ́rin; mo ṣi ọ̀kan lù.
Mo fi pílásítà dí i, ẹ má sọ fún ọ̀gá.
Páìpù bàbà gba inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gba ẹ̀yìn ibùsùn
tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí mọ́,
ó jáde sẹ́yìnkùlé sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tuntun,
àpótí funfun, kò ga ju ewúrẹ́ lọ,
tó ń wá ooru nínú afẹ́fẹ́ dídì
bí adìyẹ ti ń tan ilẹ̀ líle, tó sì ń rí jẹ.
"Ṣé ooru wà nínú òtútù ni?" ìyá bi mí.
Mo ní ó wà.
Èmi náà kò gbà á gbọ́ lọ́dún tí mo kọ́ṣẹ́.

Ní Ìkìrun, bí a bá kọ́lé tán,
ìyá mi á wọ́n omi sẹ́nu ọ̀nà,
á ní, kí ilé yìí tutù.
Àdúrà náà ti dé ètè mi kí n tó rántí oṣù tí a wà.
Mo gbé e mì,
ó di oṣù keje, tí mo bá padà wá fọ asẹ́,
tí ẹ̀rọ yìí kan náà bá ń kó ooru dà síta.

Mo tẹ bọ́tìnì. Ó dákẹ́. Ó ṣì dákẹ́.
Èmi àti Wìfúrédò ń wo ojú ara wa
kó tó mí, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lọ.

Ìyá dúró lábẹ́ rẹ̀ pẹ́.
Ó bọ́ ẹ̀wù kan, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga.
Nígbà tí a ń kó irinṣẹ́ lọ, ó ti bọ́ èkejì.
Kò bọ́ ẹ̀kẹta.
Ó ní ti ọkọ òun ni.