Láti Nọ́ńbà Kìn-ín-ní

Abẹ́ afárá ní Wúsè ni mo ti bá wọn pàdé,
páálí mẹ́ta, eruku ọyẹ́ lórí wọn bí èlùbọ́.
Màlámù Dálhátù ní kí n má ṣà nínú rẹ̀:
"Gbogbo rẹ̀ ni, tàbí kò sí."
Mo ná an títí òòrùn fi yí.
Mo san owó gáàsì, mo san owó bàtà ọmọ lé e.
Ìyàwó mi kò tíì mọ̀ nípa ti bàtà.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Minna,
àárín ìtàn ni mo já sí:
nọ́ńbà àádọ́rùn-ún, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya.
Agbénáwọ̀ ti ń fò nígbà náà,
ó ń fi ọwọ́ kan gbé ọkọ̀ ojú irin,
mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i.

Irọ́ ni.
Ní nọ́ńbà kìn-ín-ní, fẹ́ńsì lásán ló fò,
orúnkún ló fi balẹ̀.
Iná tó gbé wọ̀ ń jó òun fúnra rẹ̀.
Ojú ìwé kẹfà, ó ń da omi tútù sí apá,
ó ń sunkún, kò sẹ́ni tó rí i
àfi èmi, ní Kubwa, ní agogo méjì òru,
tí mo fi àgbọ̀n há tọ́ọ̀ṣì fóònù mọ́ àyà.

Ẹni tó ń yà á kò tíì mọ ọwọ́ yà.
Ìka mẹ́rin níhìn-ín, ìka mẹ́fà lọ́hùn-ún.
Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ kan wà, ó ń ta òdòdó,
ní nọ́ńbà kẹsàn-án ó ní òun fẹ́ ra búrẹ́dì.
Kò padà dé. Ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀.
Mo ti kọjá ọgọ́fà, mo ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà.

Páálí kejì, ti Obìnrin Yìnyín ni.
Méjèèjì ni mo ń kà pọ̀, kò sí ọgbọ́n mìíràn:
ẹni tó gbọgbẹ́ nínú ìwé yìí,
inú ìwé tọ̀hún ni wọ́n ti ń wẹ egbò rẹ̀.
Ìgbà tó kọ́kọ́ yọ, ó ń rẹ́rìn-ín lórí òrùlé,
èmi tí mo ti rí ibojì rẹ̀ láti èwe
fi ìka lé e lórí, mo ní,
"Àbúrò, má bá a lọ sétí odò yẹn."
Mo ṣí ìwé. Ó lọ.
Ó jí ní kẹrìnlélọ́gọ́rùn-ún, láìsí àlàyé,
irun rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Kẹtàdínlógún kò sí níbẹ̀.
Dálhátù ní ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́.
Agbénáwọ̀ wọ kẹrìndínlógún pẹ̀lú ojú méjì,
ó jáde ní kejìdínlógún pẹ̀lú ẹyọ kan.

Lálẹ́ àná, nọ́ńbà kọkànlélọ́gọ́fà,
ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé sí:
Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òtútù máa ń mú Agbénáwọ̀?
Ńdàgi Kólò, Minna.

Mo dìde jókòó.
Ńdàgi! Tó ní òun ti kọ̀wé sí wọn,
pé owó oúnjẹ lòun fi ra sítáǹbù,
tí gbogbo kíláàsì ń kí ní "Òpùrọ́, ẹ káàárọ̀"
fún odindi sáà méjì.
Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ náà.
Nọ́ńbà yìí kò dé Minna rárá,
tàbí ó dé, ewúrẹ́ jẹ ẹ́.

Wọ́n dá a lóhùn nísàlẹ̀:
A kò rò ó rí. A ó bi í.

Mo ń ṣí ìwé lọ, mo ń wá ibi tí wọ́n ti bi í.
Wọ́n ti mú iná lọ. Mai ruwa ti ń ti ọmọlanke rẹ̀ bọ̀.
Ẹnì kan ní Ńdàgi ń rọ gíláàsì ní Bida,
ẹlòmíràn ní ọkọ̀ epo ló ń wà.
N kò ní nọ́ńbà rẹ̀,
òun àti kẹtàdínlógún.

Kẹtàlélọ́gọ́fà, ojú ìwé kejì:
Agbénáwọ̀ dúró sí ibùdókọ̀,
ó wọ súwẹ́tà lórí iná.
Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọmọ ti jí. Ó ń wá bàtà.