Gbọ̀ngàn Àwọn Tó Ń Bọ̀

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri
pé pápákọ̀ òfurufú àgbáyé ni.
Fìlà ńlá lórí ọmọ jòjòló.
Èmi ni mo ń lu òǹtẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́,
níbi tí oko kaṣú ti parí.
Láti Ọdún Àjíǹde títí ọyẹ́ fi dé,
ìwé ìrìnnà mẹ́sàn-án péré ni mo lù,
ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ọ̀gá mi,
tó fẹ́ mọ̀ bóyá tàdáwà ti gbẹ.

Ewúrẹ́ Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ mọ ojú ọ̀nà bàálù jù wá lọ.
Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a sùn gbalaja lórí ọ̀dà,
nítorí ọ̀dà a máa fi oòrùn pamọ́ dè wọ́n.
Àpò aṣọ tó ń júwe ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ,
ẹ̀gà ti kọ́lé sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan ni Òjédìran wá bá mi,
ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yàwòrán egungun èèyàn ní ọsibítù,
ó gbá sasofóònù mọ́ra bí ọmọ tó ń ṣàìsàn.
Yàrá òkè tí wọ́n ti ń lu jáàsì ní Apákẹ́
ti di ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù.
Ó ní, "Gbọ̀ngàn yín yìí, ta ló ń lò ó?"
Mo ní, "Aláǹgbá."
Ó ní, "Aláǹgbá ò ní bínú."
Mo ní kí ni kí n wá kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀?
Ó ní, "Kọ ọ́ pé èrò dé."

Báyìí ni Ọjọ́bọ̀ ṣe di tiwọn:
Dọ́káàsì, tó máa ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
tí pásítọ̀ ti kìlọ̀ fún nípa ọwọ́ òsì rẹ̀;
Tìámíyù tó ń lẹ táyà, dúdú táyà lábẹ́ èékánná,
òun àti béèsì tó ga jù ú lọ;
Látúndé, ọmọ yunifásítì,
tó ń fi ọwọ̀ irin gbá ojú awo idẹ
bí ẹni ń gbálẹ̀ ní ìdájí.
Orin ìsìn tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré,
Òjédìran á bọ́ ọ ní bàtà,
á mú un gba ẹ̀yìnkùlé,
á jẹ́ kó ṣìnà, kó ṣìnà gan-an,
títí ẹ̀rù á fi bà mí, kó tó fà á délé.
Ohùn á fò kan òrùlé páànù;
bó bá padà bọ̀, á ti dàgbà.

Ọjọ́bọ̀ kan ni kùrukùru ọyẹ́ bo Ìlọrin mọ́lẹ̀.
Bàálù tó yẹ kó balẹ̀ lọ́hùn-ún yà sọ́dọ̀ wa.
Tìámíyù gbé béèsì jù sílẹ̀, ó lọ lé ewúrẹ́.
Èrò mẹ́tàlélógún wọlé, ìbínú wọn ṣáájú wọn.
Kò sí tíì. Iná ti lọ.
Ọkùnrin kan ń pariwo sínú fóònù:
"N kò mọ ibi tí mo wà!"
Dọ́káàsì fi ọwọ́ òsì yẹn dá a lóhùn.
Nígbà tó yá, ó gbé fóònù náà sókè,
kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún lè gbọ́ ibi tó wà.

Wọn ò nílò òǹtẹ̀; abẹ́lé ni wọ́n ń rìn.
Ṣùgbọ́n ọmọdékùnrin kan na àtẹ́lẹwọ́ sí mi
láti abẹ́ fèrèsé. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì,
mo lù ú: WỌLÉ.
Ó mọ́ kedere ju ti inú ìwé lọ.

Kí aago méje tó lù, wọ́n ti fò lọ.
Ẹnìkan gbàgbé bàtà obìnrin, ẹsẹ̀ kan.
Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ wá láago.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé èrò dé,
ó sì jẹ́ òtítọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń lù ú lọ,
Òjédìran ṣàdédé gbé ẹnu kúrò,
gbogbo wa na etí sójú ọ̀run.
Alùpùpù ni, lọ́nà Ìrẹsà.
Látúndé ò dúró. Ó ń gbálẹ̀ lọ.