Àsansílẹ̀

Monísọ́lá gbé fóònù wá bá mi lábẹ́ igi kájú,
ó ní kí n tọwọ́ bọ̀wé.
Oṣù Ọ̀wàrà ń lọ sópin, òjò ń dágbére fún Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, yunifásítì kan wà l'Amẹ́ríkà tó wù mí ju gbogbo wọn lọ.
Bí mo bá tètè kọ̀wé sí i, tí wọ́n bá gbà mí,
mo gbọ́dọ̀ lọ. Kò sí pé ẹ jẹ́ n lọ rò ó wò.
Èmi á fọwọ́ sí i, ẹ̀yin á fọwọ́ sí i,
Tíṣà Olúmorótì náà á fọwọ́ sí i."

Àwọn yòókù ńkọ́?
Ó ní mẹ́ta wà tí wọ́n ń tètè gbàwé bákan náà,
ṣùgbọ́n wọn kì í de èèyàn lókùn:
wọ́n á ní àwọn gbà ọ́, ìwọ á sì máa rò ó títí di oṣù karùn-ún.
Ó fẹ́ da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.
Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó ń jowú, tó ní òun ò fẹ́ orogún.
Ìyẹn ló yọ kúrò.

Mo dákẹ́.
Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, lábẹ́ igi yìí kan náà,
ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan ka owó sí mi lọ́wọ́
kí òdòdó kan tó yọ.
Ìyá Monísọ́lá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù l'Ẹ́gbẹ̀;
mi ò béèrè iye tí kílò máa jẹ́.
Oṣù kẹta dé, owó kájú fò sókè bí àparò,
àwọn olùrà gbé òṣùwọ̀n dúró lọ́nà Kábà,
èmi ń kó àpò sínú ọkọ̀ ẹni tó ti rà á láti orí igi.
Mi ò bú u. Owó rẹ̀ ló gbé ìyàwó mi dìde.
Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ní kí n tọwọ́ bọ ohun tí mi ò tíì rí,
àtàǹpàkò máa ń yún mi.

"Owó ńkọ́?"
Ó ní ẹ̀rọ kan ń bá wọn ṣírò rẹ̀; ó ti kó wa sínú rẹ̀,
igi ọgọ́rin, ewúrẹ́ mẹ́fà, owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ò tíì san.
Bí ìrànwọ́ wọn ò bá tó,
a lè ní kò tó, kí wọ́n tú wa sílẹ̀.
Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.
Mo ní kó fi èdè ilé wa kà á.
Ó rẹ́rìn-ín, ó kà á; ọ̀rọ̀ náà ò gùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

A gun àpáta lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
Mo fi ìka kọ orúkọ mi sójú gíláàsì,
ó wọ́ bí ipa ìgbín.

Ọyẹ́ ti dé báyìí. Kájú ti ń tanná.
Ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tún wá lánàá, owó ń bẹ lápò rẹ̀.
Mo fún un lómi, mo ròyìn ìwé náà fún un,
pé bí ọ̀kan yẹn bá gbà á,
a ó bẹ mẹ́ta yòókù kí wọ́n má bínú.
Ó mi orí títí. Ó ní,
nínú ẹ̀yin àti àwọn òyìnbó yìí, ta ló wá san àsansílẹ̀?
Mi ò tíì rí èsì fún un.