Òdòdó Ẹ̀bá Sàréè

Lẹ́bàá sàréè ìyá mi, ní Odòjọmu, l'Óǹdó,
níbi tí sìmẹ́ǹtì ti là, òdòdó kan máa ń yọrí.
Ewé òdòdó rẹ̀ márùn-ún, ojú pupa kínkín láàrin.
Ewúrẹ́ kì í fẹnu kàn án.
Ọdọọdún ni mò ń fi àdá ré e dànù,
ọdọọdún ní í padà, bí ẹni tó wá sin owó.

Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Iyùnadé wú,
a ní eyín ni. Omi iyọ̀ la fi ń yọ ọ́ lẹ́nu.
Ó wú títí ojú ọ̀tún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé.
Dókítà l'Ákùúrẹ́ gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò,
ó sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè:
"Jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n èyí ń gbọ́ oògùn."
Gbólóhùn kejì yẹn ni mo dì mú.

Ọjọ́rú dé, a wọ mọ́tò kílẹ̀ tó mọ́,
ọmọ sùn lé mi láyà, ọ̀rá èébì lọ́wọ́ mi.
Nọ́ọ̀sì Akíngbàsọ wá iṣan títí,
ó ka ara ìgò lẹ́ẹ̀mejì, ó tún pe ẹlòmíì wá kà á:
"Inú iṣan nìkan. Bó bá ṣìnà gba ẹ̀yìn, ikú ni."
Finkirisitíìnì. Ahọ́n mi kọsẹ̀.
Ó ní òdòdó ni wọ́n ti yọ ọ́,
ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù.
Sàréè ìyá mi ni mo rí.

Iyùnadé ní: "Àwọ̀ rẹ̀ wá dà?"
torí ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ mọ́ bí omi òjò.
Nọ́ọ̀sì ní ewé ẹ̀kún ọkọ̀ ni wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń sẹ́,
kí wọ́n tó rí èyí tó lè jókòó lórí èékánná.

Kí n tó délé, àbúrò mi ti já ewé sí ìkòkò.
"Kí la ń náwó sí, nígbà tó ń hù nílé wa?"
Mo dà á nù.
Ohun tó ń pa jẹjẹrẹ yìí lè pa ọmọ,
òṣùwọ̀n nìkan ló là wọ́n láàrin.
Ọ̀sẹ̀ méjì la ò fi kíra wa.

Irun ọmọ ṣẹ́kù sórí ìrọ̀rí. Ìgbẹ́ rẹ̀ di òkúta.
Lọ́jọ́ kan, bàtà rẹ̀ bọ́ lójú títì Arákàlé,
ó ti rìn jìnnà kó tó bojú wolẹ̀.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbàgbé ilẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fà.
Ní Ọjọ́rú kẹta, eyín òkè bá ti ìsàlẹ̀ pàdé,
ó rún àgbàdo sísun,
èmi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ ọ.

Ọmọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí wa,
oògùn kan náà, Ọjọ́rú kan náà,
kò padà sí Ìdànrè.
Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ nípa ìyẹn.

Lọ́dún yìí, àdá wà lókè àjà.
Iyùnadé bọ́ bàtà lẹ́bàá sàréè,
ìrì ṣì wà lára òdòdó,
ó na ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan sí i, ó dákẹ́, ó tún nà án.
"Bàbá," ó ní, "ó tutù."