Ewé Mọ́kànlá láti Ìrókò

Bàbá mi ní àrùn kan náà ni.
"Ewé ká kò, ewé pọ́n, ẹ̀gẹ́ ò ta.
Sìdíkátù, kí lẹ tún ń wá lábẹ́ awò?"

Mo já ewé mọ́kànlá lóko rẹ̀,
mo fi bébà wé wọn, mo kọ nọ́ńbà sí i,
mo gun ọ̀kadà, ó di Mọ́níyà.
Òjò ká wa mọ́ Akínyẹlé.
Bébà kan rin gbindin, tàdáwà rẹ̀ ṣàn.

Nínú yàrá tó tutù bí ẹ̀yìn òru
mo lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní lọ ata,
ọmọ ọlọ ò ju ìka ọmọdé lọ.
Ẹ̀rọ kùn títí di ọ̀gànjọ́,
ó wá ka fáírọ́ọ̀sì náà fún wa:
lẹ́tà mẹ́rin péré ló mọ̀ ọ́n kọ,
ó tò wọ́n ní ẹgbẹ̀rìnlá,
kò kún ojú ìwé méjì.
Ohun tó ń jẹ oko run nìyẹn!

Ẹ wo igba.
Ẹ ta àmì sókè lé e ní ìdí, ó di igbá.
Ẹ yí àmì ọ̀hún wálẹ̀, ó di igbà, ó ń gọ̀pẹ.
Bẹ́ẹ̀ ni àrùn yìí ṣe ń da ara rẹ̀ kọ,
bí ọmọ iléèwé tí oorun ń kùn,
tó ń wo pátákó, tí ọwọ́ rẹ̀ ń yẹ̀.
Àṣìkọ mìíràn, ojú ìwé ló kú sí.
Òmíràn dìde, ó gun eṣinṣin funfun,
ó lọ dá ìdílé tirẹ̀ sílẹ̀.

Ewé mẹ́fà ń sọ èdè kan.
Mẹ́ta ń fọ ẹnà.
Nínú ẹyọ kan, àjèjì méjì ló jọ ń gbé,
wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀yà ara:
orí ti ìhín, ìdí ti ọ̀hún.
Dókítà Oyèbọ̀dé yọ gíláàsì ojú,
ó ní "Háà," kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó ku ọ̀kan.
Ọ̀kan yẹn mọ́ tónítóní.
Bóyá igi rẹ̀ ń kọ àrùn,
bóyá eṣinṣin kàn fò ó dá ni.
Mo yí bébà rẹ̀ síwá, mo yí i sẹ́yìn:
tàdáwà ti ṣàn, nọ́ńbà ò sí.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi pe bàbá.
Mo ní ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan lóko.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gé gbogbo ẹ̀ lánàá,
òun ti dì í ní ìdì mẹ́jọ fún àwọn àna wa n'Ìjàyè,
ẹni rere ni wọ́n, wọn ò ní igi ẹ̀gẹ́.

Ó ní ṣé kí òun fi ìdì kan sílẹ̀ fún mi.